Iná Kékeré Ilé Wa ní Awoyaya

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń da ìbéèrè bò mí. Ṣé òótọ́ ni pé itọ́ ẹnu ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í kí èèyàn? Kí lo mú bọ̀? Àǹtí kan ládùúgbò wa tilẹ̀ fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́ láti wò ó bóyá mo ti ń pupa. Mo ti dáhùn títí tí ẹnu fi ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti físà àti pápákọ̀ òfuurufú, kó wá ẹlòmíràn lọ, ìyẹn kò sí lára mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ibẹ̀ ṣe rí lójú mi, àti nǹkan kan tí mo fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ wò lójoojúmọ́ láìrí i.

Ọlábọ̀dé lorúkọ mi, Bọ̀dé ni gbogbo ayé ń pè mí. Eleko ni ìdílé bàbá mi ti ń pẹja, Awoyaya ni òun kọ́ ilé sí kó tó kú. Màámi ló kù nínú ilé náà, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Wọ́n ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Eleko, wọ́n ń yan án ní ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe fọ́ńté díẹ̀: láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i rí kí ẹja jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn a máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú wọn wà lọ́dọ̀ ààrò.

Ọmọ ìyá mẹ́ta

Nígbà tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹja jáde fún mi ní Nọ́wè, inú mi dùn fún ọjọ́ kan péré. Ní ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo màámi. Ta ni yóò mọ̀ bí nǹkan bá ṣe wọ́n? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mi ò lọ mọ́.

Táíwò ló gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìtòsí Abraham Adésànyà Estate. Ó wá sílé wa, ó gbé láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́, èyí tí lẹ́tà mẹ́ta ti yọ lójú rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀. Ó so ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, mọ́ ọn, ó so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ ọn, ó wá gba fóònù mi.

"Wò ó," ó ní, "fóònù rẹ nìyí, láptọ́ọ̀pù ilé nìyí, tèmi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣe ìkẹta. Mo ti sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ibikíbi tó o bá wà, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Kò sí alárinà kankan tó máa gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn ò sì lè yọjú sí i. Bó o bá dé orí yìnyín, wọ́n á ṣì rò pé inú pálọ̀ kan náà làwọn jọ wà."

Lójú fóònù mi, orúkọ mẹ́ta tò sábẹ́ ara wọn: BỌ̀DÉ, TÁÍWÒ, ILÉ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni àmì róbótó kan wà. Bí ẹ̀rọ náà bá wà láàyè, àmì náà a tàn bí ewé tútù. Bó bá kú, a di àwọ̀ eérú.

Màámi ti káwọ́ gbera, wọ́n ń wo kámẹ́rà. "Táíwò, ṣé ojú ni nǹkan yẹn?"

"Ojú ni, Mà. Ṣùgbọ́n kò létí, kì í gbọ́ràn."

"Kó má kọjú sí pálọ̀ mi o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò mí níbi tí mo bá ti tú gèlè sílẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, Táíwò sì yí i kọjú sí fèrèsé, kí n lè máa rí iwájú ilé: géètì, igi gúáfà, àti ẹnu ọ̀nà tí màámi ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà ló gun òkè ilé, ó de páálí sólà kan mọ́ páànù, ó sì gbé bátìrì kan sí kọ̀rọ̀. Mo ń ká aṣọ nínú yàrá nígbà tó ń ṣàlàyé fún màámi pé bátìrì náà kéré, pé láptọ́ọ̀pù àti ráútà nìkan ló lè gbé dáadáa bí iná ìjọba bá lọ, pé bí wọ́n bá fi nǹkan mìíràn kún un, gbogbo rẹ̀ ni yóò sùn. Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbọ́ ọ, ó sì gba etí kejì jáde.

Ní ọjọ́ tí mo ń lọ, mo di màámi lọ́wọ́ mú dé iwájú láptọ́ọ̀pù náà. Iná kín-ń-kín kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iná yìí kú. Bí mo bá ti ń rí i pé ó ń tàn, ọkàn mi á balẹ̀ níbẹ̀."

Wọ́n wo iná náà, wọ́n wò mí. "Kò ní kú," ni wọ́n ní.

Ìlú tí oòrùn sá fún

Àríwá Nọ́wè ni mo lọ, ìlú apẹja kékeré kan ní etí òkun. Aago méjìlá ọ̀sán ni mo débẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Mo rò pé òjò ló fẹ́ rọ̀. Wọ́n ní rárá, pé oòrùn kì í yọ ní àsìkò náà, ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo dúró ti ẹrù mi, mo ń ronú pé irú ibo rèé, ni atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ẹ̀bá omi, ó gbé òórùn ẹja wá. Òórùn Eleko gan-an ni, àfi pé ó tutù. Omi bọ́ lójú mi, ó sì gan mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ ti gbọ́ ìdáhùn ti yìnyín báyìí.

Ọ̀dọ̀ ìyá opó kan tí wọ́n ń pè ní Marit ni mo gbé. Wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ga, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Gẹ́ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo wólẹ̀ kí wọn bí ọmọ tí a kọ́. Wọ́n rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀, ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá mi wá a. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí à ń fọwọ́ tá ilẹ̀, kò sì sí ohun tó sọnù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè ṣàlàyé. Mo ní mo ti rí i.

Lóòótọ́ ni, wọn kì í kíni. Bí ẹ bá rí wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ni, oníkálukú ti fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà sí ẹnìkejì. Mo kí bàbá kan káàárọ̀, ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mò ń kí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí yìnyín yọ̀ mí ṣubú lójú títì, àwọn mẹ́ta ló sáré jáde láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n gbọn aṣọ mi, obìnrin kan wọlé lọ mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ bàtà wá, ó bá mi so ó. Kò bi mí lórúkọ, mi ò sì tún rí i mọ́ láti fún un ní irin rẹ̀. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ púpọ̀, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́.

Orí pánlá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ẹja. Láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ẹja ń kọjá níwájú mi, mò ń gé orí kúrò lára rẹ̀. Wọn kì í jẹ orí. Wọ́n á so àwọn orí náà pọ̀, wọ́n á gbé wọn kọ́ sórí igi níta, kí òtútù gbẹ wọ́n. Ẹ wo orí ẹja lọ títí ojú fi máa rẹ̀ yín, tí gbogbo wọn ya ẹnu sí ọ̀run. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé yín ni wọ́n ń lọ."

Bó ṣe rí nìyẹn o. Pánlá tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé, èmi ni mò ń gé e lọ́rùn. Inú bí mi díẹ̀, tórí pé orí ẹja náà mọ̀nà ilé, èmi ni mi ò lè lọ.

Oúnjẹ tiwọn ni ẹja bíbọ̀ àti pòtétò bíbọ̀, iyọ̀ ló sì jẹ́ ata wọn. Mo jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ni mo bá tú ata gígún tí màámi dì fún mi, mo bẹ̀bẹ̀ fún orí ẹja méjì níbi iṣẹ́, mo sì sebẹ̀. Marit gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n gba ṣíbí. Wọ́n lá a lẹ́ẹ̀mẹta, ojú wọn pọ́n, wọ́n mu mílíìkì kọ́ọ̀bù méjì tẹ̀léra, wọ́n sì ní ó dáa. Mo rò pé wọ́n kàn ń ṣe ọmọlúàbí ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi mí pé ṣé kò kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kéèyàn má jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní Awoyaya, mi ò lè rìn dé títì kí ẹni mẹ́rin má pè mí ní ọmọ ìyá ẹlẹ́ja. Níbẹ̀, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Èkó, wọ́n ní ṣé ó móoru, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tán. Ilé wù mí débi pé bí mo bá gbọ́ tí ọmọ òyìnbó kan ń pe ìyá rẹ̀ lójú títì, èmi náà á yíjú wò. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tèmi kò tiẹ̀ dùn.

Fìtílà ojú fèrèsé

Nílé Marit, fìtílà wà lójú fèrèsé gbogbo, iná sì ń jó nínú wọn tọ̀sán-tòru, bóyá èèyàn wà nílé tàbí kò sí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Awoyaya, tí bàbá rẹ̀ a fà létí bó bá jáde nínú yàrá láìpa iná, ẹ wá fi sínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ara mi kò gbà á.

Lọ́jọ́ kan, Marit lọ ra nǹkan. Mo bá yí gbogbo ilé po, mo pa fìtílà kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ wáyà wọn kúrò lára ògiri, nítorí kí iná má baà bà wọ́n jẹ́ bó bá dé lójijì. Iná tí kò lọ rí, mò ń bẹ̀rù pé yóò dé lójijì. Mo jókòó sí kíṣíìnì, mò ń dúró kí wọ́n wá yìn mí.

Nígbà tí wọ́n dé, mo rí wọn láti inú ilé. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà, wọn ò wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

"Ta ló pa fìtílà?"

"Èmi ni, Mà. Mo fẹ́ bá yín tọ́jú iná ni."

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi," wọ́n ní. "Ẹni tó wà lóde ló ni ín."

Wọ́n tan gbogbo wọn padà kí wọ́n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi. Apẹja lọkọ wọn. Láti orí omi, bó bá ti ń bọ̀, fìtílà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ rí, á sì mọ̀ pé ìyàwó òun ṣì jókòó de òun. Ó ti kú láti ọdún mẹ́wàá, wọn ò sì pa á rí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bu kọfí fún mi, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo wá sọ fún wọn pé èmi náà ní iná kan. Mo fi fóònù mi hàn wọ́n: ILÉ, àmì rẹ̀ sì ń tàn bí ewé. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sún mọ́ ọn.

"Ìyá rẹ ló ń tàn án fún ẹ?"

"Rárá, Mà," mo ní. "Sólà ni."

Ẹnu tí mi ò gbọ́

Ní àràárọ̀, kí n tó wọṣẹ́, mo ti wà nílé. Mo kàn máa tẹ ILÉ, iwájú ilé wa á sì yọ lójú fóònù: igi gúáfà, géètì tó ti dógùn-ún, adìyẹ aládùúgbò tí kì í gbọ́ràn. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago méje lù, màámi á jáde tàwọn ti àwo ẹja. Wọ́n á dúró síwájú fèrèsé, wọ́n á tún gèlè wọn ṣe, wọ́n á wojú kámẹ́rà, wọ́n á sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà náà kò létí, ẹ rántí. Ẹnu wọn nìkan ni mò ń rí. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de èsì, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ.

Àdúrà ni mo kà á sí. Kí tún ni ìyá á máa sọ fún ọmọ láàárọ̀? Èmi náà á wá dáhùn nínú bọ́ọ̀sì pé, "Àmín, Màámi," ẹni tó jókòó tì mí á sì rọra sún.

Àmì yẹn kì í kú. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rí òjò tó ń rọ̀ ní Awoyaya, mo rí i tí mànàmáná ń kọ lókè gúáfà, ILÉ sì ń tàn. Màámi tí wọ́n máa ń yọ gbogbo wáyà ilé bí àrá bá sán lẹ́ẹ̀kan, tí a ó sì jókòó sínú òkùnkùn ká káwọ́ lẹ́rán. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìyá mi ti lajú.

Fóònù wọn ló wá ń bí mi nínú. Mo pè, kò wọlé. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pa á. Ọjọ́ tó bá wọlé, ojú títì ni mo máa bá wọn, ariwo á pọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbaná jẹ.

"Màámi, iná wà nílé, mò ń rí i lójú mi níbí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè ṣáàjì fóònù kan ṣoṣo? Àbí ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni?"

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi," wọ́n ní. "Má bínú. Mà á máa ṣáàjì rẹ̀."

Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo rò pé mo jàre.

Táíwò náà pè mí láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó ní, "Bọ̀dé, ra bátìrì kejì sílé."

"Láti fi ṣe kí ni? Iná ilé wa kò kú rí láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Lọ wá bátìrì sí ṣọ́ọ̀bù ìwọ."

"Ó dáa," ó ní, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Eérú

Òjò ọdún kejì pọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan mo ṣí fóònù, ILÉ ti di eérú. Mo ní kò burú, á padà dé. Nígbà tó di ọ̀sán, eérú. Sọ́ńdè, eérú. Mo pe màámi, wọ́n ti pa fóònù. Mo pe Táíwò, ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ní òun á délé ní ọjọ́ Ajé.

Mi ò lè jẹun. Ohun gbogbo tó lè pa opó tó ń dá gbé ni mo rò. Ní ọjọ́ Ajé mo fi ọ̀bẹ gé ìbọ̀wọ́ mi níbi iṣẹ́, ọ̀gá wa wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Marit jókòó tì mí ní kíṣíìnì. Wọn ò dìde rárá.

Nígbà tí Táíwò pè, mo gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. "Bátìrì ló wú, ó ti bàjẹ́," ó ní. "Màmá wà níwájú mi, ara wọn yá. Gbà, bá wọn sọ̀rọ̀."

Màámi ń sunkún. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ẹkún wọn rí, lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. "Bọ̀dé, jọ̀ọ́, má bínú sí mi," wọ́n ní. "Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣe é títí, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Màámi, bátìrì lásán ni. Táíwò á gbé òmíràn wá."

"O ní kí n má jẹ́ kó kú."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ohun tó yé mi ni pé mi ò lè dúró níbẹ̀ mọ́. Ó ku oṣù mẹ́rin kí àdéhùn iṣẹ́ mi parí. Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ní mò ń lọ sílé.

Marit sìn mí dé ibi ọkọ̀. Wọ́n gbé àpò orí pánlá gbígbẹ kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fún ìyá mi. Mo wólẹ̀, wọn ò bá mi wá nǹkan kan nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n dúró kí n dìde, wọ́n sì dì mọ́ mi. Yàtọ̀ sí ọjọ́ tí mo ṣubú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí rí ní ìlú yẹn.

Pálọ̀

Mi ò sọ fún màámi pé mò ń bọ̀. Táíwò ti gbé bátìrì mìíràn sí i, ILÉ sì ti ń tàn padà. Ọ̀sán ganrínganrín ni mo wọ géètì, oòrùn Awoyaya gbá mi lórí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín ń rú ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà mo mọ ibi tí wọ́n wà. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ ní pálọ̀.

Ooru tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí jáde. Mo wá súwíìṣì fáànù. Fáànù wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì gbé agbọ̀n aṣọ kà á. Kò sí gílóòbù lókè. Orí àwo pẹrẹsẹ kan ni kùkùté àbẹ́là mẹ́rin wà. Nǹkan méjì ló ń tàn nínú gbogbo ilé náà: láptọ́ọ̀pù àti ráútà.

Àga màámi kò kọjú sí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wọ́n ti yí i kọjú sí láptọ́ọ̀pù. Wọ́n fi ṣíbí méjì gbé ìdí láptọ́ọ̀pù náà sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kan sì wà lórí àga.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi wọlé, ẹ̀ẹ́dú lọ́wọ́ wọn. "Bọ̀dé? Ṣé kò sí o?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń fọwọ́ kàn mí lójú, wọ́n ń kì mí. Wọ́n ti rù. Ooru ti sú sí wọn lọ́rùn.

"Màámi, fáànù ńkọ́?"

"Ó ń mu iná jù, iná ìjọba ò sì wọ́pọ̀ mọ́. Táíwò ní bátìrì ò lè gbé e pẹ̀lú tìẹ."

"Ibo lẹ wá ń sùn?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Atẹ́gùn wà níbẹ̀ dáadáa."

"Fóònù yín ńkọ́?"

"Mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígẹrun ní títì kó bá mi ṣáàjì ẹ̀. Èrò ló máa ń pọ̀ nígbà mìíràn."

Mo nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀ náà.

"Ìyẹn? Òun ni mò ń fẹ́ ẹ sí," wọ́n ní, wọ́n tọ́ka sí láptọ́ọ̀pù. "Táíwò ní ooru ló ń pa á. Mo kìlọ̀ fún un kó má sọ fún ẹ. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kó kú."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Mo ń wo àmì yẹn, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ara tu ìyá mi nílé. Mo jágbe mọ́ wọn nítorí fóònù.

"Màámi," mo ní, "láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá dúró síwájú kámẹ́rà, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń bi ọ́ ni."

"Kí lẹ máa ń bi mí?"

"Pé, Bọ̀dé, ṣé ò ń rí mi?"

Àmín ni mo sì ń fi dá wọn lóhùn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ wáyà láptọ́ọ̀pù àti ti ráútà, mo tẹ láptọ́ọ̀pù pa. Màámi na ọwọ́. "Yóò kú o, Bọ̀dé."

"Ẹ jẹ́ kó kú, Màámi."

Mo tú ọ̀rá kúrò lára fáànù, mo kì í bọ ojú iná. Ó wúkọ́ eruku, ó yí díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́. Mo fà wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n gbé ọrùn sókè fún atẹ́gùn náà, wọ́n dijú. Mo yọ fóònù mi, mo wò ó. ILÉ ti di eérú. Mo pa òun náà, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo sì ń wo ojú wọn.

Ó ṣe díẹ̀. Wọn ò lajú. "Bọ̀dé, ṣé ò ń rí mi?"

"Mò ń rí yín, Màámi."

Ẹja tó wà lórí ààrò jóná lọ́jọ́ náà. Àwa méjèèjì gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde nínú wa.